Láti Ìpakodò dé Èbúté-Èrò

Epo ni iṣẹ́ ọjọ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní èbúté Ìpakodò, ní Ìkòròdú, tí ọmọ ọkọ̀ ti gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù sórí pákó, tó sì kúrò nídìí rẹ̀. Kò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ o. Ó ń jẹ́ kó tòrò ni. Omi wúwo ju pẹtiróòlù lọ. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ìdí kẹ́ẹ̀gì ni yóò lọ jókòó sí. Nígbà tó bá padà dé, kò ní mi kẹ́ẹ̀gì náà rárá. Yóò rọra dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ki àrọ bọ ẹnu táǹkì, yóò tẹ́ aṣọ funfun sínú àrọ, yóò wá máa da epo náà tẹ́ẹ́rẹ́, tojú-tojú. Ó fẹ́ rí ohun tí aṣọ bá dá dúró. Bí epo bá ku ìwọ̀n ìka méjì ní ìdí kẹ́ẹ̀gì, ó dáwọ́ dúró. Èyí tó kù yẹn kì í wọ táǹkì. Sípánà ni wọ́n ń fi í fọ̀.

Ọ́ìlì ló kàn. Irú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń po epo fún, lítà 1 ọ́ìlì ló ń bá lítà 50 pẹtiróòlù lọ. Ìgò kan wà tí wọ́n ti fi ẹnu ìṣó fa ìlà sí lára. Ìlà yẹn ni òṣùwọ̀n. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, irin á máa ha irin nínú ẹ́ńjìnì títí yóò fi gan. Bó bá pọ̀ jù, èéfín á bo ìdí ọkọ̀, púlọ́ọ̀gì á dúdú, ẹ́ńjìnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láàárín ọ̀sà. Mo wo ọmọ ọkọ̀ náà bó ṣe gbé ìgò sókè sí iná tọ́ọ̀ṣì, tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ìlà, tó sì da ẹ̀kán kan padà. Ohun tó dà padà kò ju èyí tí a lè fi ìka kan nù lọ.

Yamaha ni orúkọ tó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí ẹ máa rí ní ìdí ọkọ̀ lórí ọ̀sà Èkó. Ọdún 1955 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Yamaha Motor sílẹ̀ ní Jàpáánì, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílùú Iwata. Ọdún 1960 ló ṣe ẹ́ńjìnì ọkọ̀ omi àkọ́kọ́ rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí àwọn tiwa gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀ kò ju pé èèyàn lè tú u palẹ̀ pẹ̀lú sípánà díẹ̀ lórí pákó èbúté, kó sì tò ó padà kí èrò tó kún. Atukọ̀ ṣí ìdérí rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó fi àtàǹpàkò tẹ orí wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó di ẹ́ńjìnì mú ní ibi tí irin ti so ó mọ́ ìdí ọkọ̀, ó mì í, ó gbọ́ bóyá nǹkan kan dún. Ó wá bọ́ sí ọ̀nà epo, níbi tí rọ́bà roboto kan wà. Ó ń fún un, ó ń fún un, títí rọ́bà náà fi le sí i lọ́wọ́. Bó bá kọ̀ tí kò le, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan. Àwọn awakọ̀ reluwé ní Jàpáánì máa ń na ìka sí iná ojú ọ̀nà, wọ́n á sì pe ohun tí wọ́n rí sókè, kí ọkàn wọn má baà ṣáko lọ. Ti atukọ̀ yìí, ọwọ́ ló fi ń kan nǹkan lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì ké, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbọ́dọ̀ máa tú jáde níbẹ̀. Omi ọ̀sà ni ẹ́ńjìnì yìí ń fà mu láti fi tu ara rẹ̀, omi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló sì ń jẹ́rìí pé ó ń rí i mu. Lọ́jọ́ náà, kò tú. Lórí ọ̀sà wa yìí, àfàìmọ̀ ni kí ọ̀rá piọ́wọ̀tà má ti lẹ̀ mọ́ ẹnu ibi tó ń gbà mumi. Wọ́n pa ẹ́ńjìnì, wọ́n gbé e sókè kúrò nínú omi, ọmọ ọkọ̀ na ọwọ́ sí i, ó fi èékánná hú ọ̀rá náà kúrò, ó tún fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò tí omi ń gbà jáde. Wọ́n tan án padà, omi tú. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Omi inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbọ́n kẹ́yìn, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kékeré tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ dànù. Ọmọ ọkọ̀ ń gbọ́n, ó sì ń wo ohun tó ń gbọ́n. Bí ojú omi yẹn bá ń dán ní pupa àti aró, epo ló ń jò, kò sì sí èrò tó máa wọ ọkọ̀ náà títí wọn ó fi rí ibi tó ti ń jò.

Ìgbà tí èrò bá wá ń wọlé ni mo fẹ́ràn jù láti wò. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n ti gba láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọkọ̀ dúró, ẹsẹ̀ kan lórí pákó èbúté, ẹsẹ̀ kejì nínú ọkọ̀. Orúnkún ẹsẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó ń bá omi lọ sókè, ó ń bá a bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń wọn ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí i, ó ti wo onítọ̀hún láti òkè délẹ̀, ó sì ti mọ ibi tó máa fi í sí.

"Màmá, ẹ bá mi jókòó sáàárín." "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni tiyín." "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé báàgì yẹn sílẹ̀ sẹ́sẹ̀ yín, ẹ má gbé e lé itan."

Àwọn èrò lè rò pé ó ń yẹ́ àgbà sí ni, pé ó ń fún wọn níbi tó dára. Ìwọ̀n ló ń pín. Bí iwájú ọkọ̀ bá wúwo, ọkọ̀ á máa ki imú bọ inú ìgbì. Bí ìdí bá wúwo, iwájú á gbé sókè débi pé atukọ̀ kò ní rí ohun tó ń bọ̀, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á sì máa na omi gbàgà-gbàgà títí ẹ̀yìn èrò á fi máa ro wọ́n. Bó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, atukọ̀ á máa bá sítíárìn jà láti Ìkòròdú dé Èkó. Nígbà tí ìjókòó kún, ọmọ ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ padà sórí pákó, ó lóṣòó, ó wo ibi tí ọ̀dà ara ọkọ̀ ti pàdé omi. Ó wò ó láti iwájú títí dé ìdí. Ó wá bẹ ọkùnrin kan tó sanra ní ìlà kẹta pé kó bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wà lódìkejì pààrọ̀ ibi ìjókòó. Ọkùnrin náà ráhùn, ó ní òun ló kọ́kọ́ dé. Ó dìde ṣá. Ìlà ọ̀dà náà bọ́ sí ọ̀gbọọgba, ọmọ ọkọ̀ sì dìde kúrò ní ìlóṣòó.

Okùn wo ni wọ́n máa kọ́kọ́ tú, ti iwájú ni tàbí ti ìdí? Omi ló ń dáhùn. Bí omi bá ń ṣàn bọ̀ láti iwájú, okùn iwájú ni wọ́n ń tú, omi náà á sì fúnra rẹ̀ ti imú ọkọ̀ kúrò lára èbúté. Bó bá ti ẹ̀yìn wá, wọ́n á yí i padà. Okùn tó kù, ọmọ ọkọ̀ ti tú u kúrò ní kókó ṣáájú, ó kàn fi yí òpó lẹ́ẹ̀kan péré, ó di ẹnu rẹ̀ mú lọ́wọ́, kó lè tú u sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ láì tún fò. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti pákó. Omi yọ sí àárín ọkọ̀ àti èbúté, ó fẹ̀ sí i, atukọ̀ sì fi jíà sí iwájú.

Orí omi yìí ti pẹ́ ju títì lọ. Kí ọ̀nà ọ̀dà tó so Ìkòròdú mọ́ Èkó, Ìkòròdú ni lọ́rì láti Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ń parí ìrìn wọn sí, ẹrù àti èrò á wá wọ ọkọ̀ omi lọ. Èjìnrìn, tó wà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, jẹ́ ọjà tí gbogbo Ìjẹ̀bú àti Èkó mọ̀ dáadáa. Ọ̀sà yìí kan náà ló wà láàárín Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, àti ìlú rẹ̀, nígbà tí ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé e kúrò lórí oyè ní December 1851. Ọdún 1862 ló tó padà. Reluwé yà fún Ìkòròdú: láti Ìddó ló ti gba Agége àti Abẹ́òkúta, tó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Nígbà tí ìjọba Làtéèfù Jàkáńdè, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, gbé ọkọ̀ omi rẹ̀ méjì, Bàbá Kékeré àti Ìta Fájì, sójú omi láàárín Mile 2 àti Marina ní February 1983, wọ́n kọ́ èbúté sí Ìkòròdú náà. Lónìí LASWA, àjọ tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, ló ń ṣètò ojú omi. LAGFERRY ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2020. Àwọn aládàáni, tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ ATBOWATON, ló sì ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ fáíbà tí ẹ ń rí. Lórí ilẹ̀, bọ́ọ̀sì BRT dé Ìkòròdú ní November 2015, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń jẹ́ Primero ló sì kọ́kọ́ ń wà á. Reluwé Èkó aláwọ̀ aró tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2023, àti aláwọ̀ pupa ti ọdún 2024, kò sí èyí tó dé Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ nínú wọn.

Ọ̀sà Èkó fẹ̀, kò jìn. Ọ̀pọ̀ ibi ló wà tí omi kò ju gíga èèyàn lọ, tí ibòmíràn kò sì tó o. Àwọn apẹja ti ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ káàkiri láti fi pe ẹja jọ, àkájà ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí omi bá fà nìkan ni orí igi náà máa ń yọ. Àwọ̀n wà tí kò ní àmì kankan ju ike omi tó léfòó lọ. Àwọn awayanrìn ti gbẹ́ ibì kan di kòtò, wọ́n sì ti fi ibòmíràn sílẹ̀ ní òkìtì. Kò sí ẹni tó fa ìlà sórí omi. Atukọ̀ yìí ń wẹ̀yìn wo òpó èéfín ilé iná mànàmáná Ẹ̀gbìn, ó ń wo ilé gíga Yunifásítì Èkó níwájú, ó ń fi ìwọ̀nyí wọn ibi tó wà. Ojú omi ló sì ń kà láàárín méjèèjì. Níbi tó jìn, ìgbì máa ń gùn, ó sì máa ń lọ́ra. Níbi tí kò jìn, ó máa ń kúrú, á máa yára, á sì tún dúdú sí i nítorí erùpẹ̀. Ibi tí omi bá ti tẹ́jú láìnídìí nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́, nǹkan kan wà lábẹ́ ibẹ̀. Ó yà fún un láì dín eré kù, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.

Kí ó tó kan eré náà, ìṣísẹ̀ kan wà tó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wò. Atukọ̀ fún ẹ́ńjìnì níná. Iwájú ọkọ̀ gbé sókè, ìdí rì, ẹ́ńjìnì ń kérora, ọkọ̀ kàn ń ti omi síwájú. Aláìmọ̀kan á dín iná kù níbẹ̀ nítorí ẹ̀rù. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lójijì ọkọ̀ gun orí ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, iwájú sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ tẹ́jú sójú omi, ohùn ẹ́ńjìnì sì yí padà láti orí ìkérora sí ohùn tó tín-ín-rín, tó sì dúró sójú kan. Ìgbà yẹn gan-an ló dín iná kù, díẹ̀ báyìí, ìwọ̀n ọmọ-ìka kan lórí irin tó dì mú. Eré kò dín kù rárá. Ohun tó dín kù ni epo tó máa jó.

Ọkọ̀ apẹja kékeré kan wà lápá ọ̀tún, bàbá kan àti ọmọdé kan nínú rẹ̀. Atukọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín iná kù nígbà tí a ṣì jìnnà sí wọn gidi. Mo rò pé ó yá jù. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn ni mo rí ìdí rẹ̀: nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ láti orí eré, ó gbé ìgbì kan dìde tó ga ju gbogbo èyí tó ti ń gbé lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ bàbá yẹn ló ti dín iná kù, orí rẹ̀ ni ìgbì náà ì bá dà sí. Ó jẹ́ kí ìgbì náà tú síbi tí kò sẹ́nìkan, a kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, bàbá náà gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, atukọ̀ gbé ọwọ́ kan. Ó di ẹ̀yìn wọn dáadáa kó tó tún fún un níná.

Ní àárín ọ̀sà, ohùn ẹ́ńjìnì wúwo. Èmi kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ọmọ ọkọ̀ ti dìde kí atukọ̀ tó pè é. Koríko omi ni, èyí tó ń yọ òdòdó aró, tó wọ Nàìjíríà láti ilẹ̀ Benin gba odò Badagry lọ́dún 1984, tí kò sì tíì lọ láti ìgbà náà. Omi òjò ló ń fún un ní agbára. Bí iyọ̀ òkun bá padà wọ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń kú. Kí ó tó kú, ó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀. Atukọ̀ yọ jíà. Ó fi í sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí abẹ̀bẹ̀ lè tú ohun tó wé. Ó fi í síwájú, ó gbọ́. Ó tún fi í sẹ́yìn. Ohùn náà kò fúyẹ́ tán. Ó pa ẹ́ńjìnì pátápátá, ó yọ okùn ààbò tí ẹ́ńjìnì kò lè tàn láìsí i, ó fi í sápò ara rẹ̀, nígbà náà ló tó ní kí ọmọ ọkọ̀ gbé ẹ́ńjìnì sókè. Ọmọ ọkọ̀ na ara jáde láti ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré. Kò gé koríko náà ní ìbú, torí rọ́bà tó ń dá omi dúró wà nídìí abẹ̀bẹ̀, ọ̀bẹ lè ha á. Ó ki ẹnu ọ̀bẹ sábẹ́ koríko, ó dojú rẹ̀ kọ òde, ó sì là á ní òòró. Ìdì koríko náà ṣí, ó já bọ́ sómi lódidi. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìgbà tí èèyàn á fi jẹ àkàrà kan tán lọ, atukọ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú okùn ààbò jáde láti àpò.

Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí lọ́dún 1990, gùn tó kìlómítà 11.8. Láti ìsàlẹ̀, ẹ máa rí orí àwọn ọkọ̀ tó to sórí rẹ̀ láàárọ̀, wọn kò mira. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi dùn díẹ̀ sí i. Atukọ̀ kò wòkè. Omi tó ń fà lọ sókun máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀ kọjá láàárín òpó méjì, á sì yára níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Láti òkèèrè ló ti yan àlàfo tó máa gbà, ó sì ti to ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí àárín rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, nítorí kò sí yíyà mọ́ láàárín òpó. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò dín iná kù tó bí mo ṣe retí. Ẹ́ńjìnì tí kò bá ti omi kò lè darí ọkọ̀. Ẹni tó bá pa iná níbẹ̀ ti fi ọkọ̀ lé omi lọ́wọ́.

Ní Èbúté-Èrò, ó yí ọkọ̀ padà kó lè kojú omi tó ń ṣàn. Kíkojú omi ló fi ń dá ọkọ̀ dúró. Bí ẹ́ńjìnì àti omi bá dọ́gba, ọkọ̀ á dúró sójú kan bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo nǹkan lábẹ́ rẹ̀ ń rìn. Ó wá ń jẹ́ kó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ku bí apá kan, ó fi jíà sẹ́yìn, ó fún un níná lẹ́ẹ̀kan péré, ìdí ọkọ̀ wọlé, ara ọkọ̀ fara kan táyà tí wọ́n so mọ́ èbúté. Ọmọ ọkọ̀ kò fò. Ó gbé ẹsẹ̀ bọ́ sórí pákó bí ọkọ̀ ṣe dé ọ̀gbọọgba rẹ̀, okùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ so èyí tó dojú kọ omi.

Lẹ́yìn náà ni ìṣòro kan tí èrò kì í rí. Ìkòròdú kún fún àwọn tó ń lọ sí Èkó láàárọ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Ìkòròdú nígbà yẹn. Ọkọ̀ náà ń padà lófìfo, epo tó sì ń jó kò mọ̀ pé kò sí èrò. Ìṣòro yìí ni Kobayashi Ichizo bá pàdé ní Jàpáánì, nígbà tí reluwé ilé-iṣẹ́ aládàáni rẹ̀, èyí tó wá di Hankyu, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Osaka lọ sí Takarazuka ní March 1910, gba inú oko. Ó ra ilẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, ó kọ́ ilé sórí rẹ̀, ó ń tà á fún òṣìṣẹ́ tó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 10, kí àwọn yẹn lè máa wọ reluwé òun lọ síbi iṣẹ́. Ó dá ẹgbẹ́ eléré obìnrin sílẹ̀ ní Takarazuka kí àwọn ará Osaka lè máa wọ reluwé lọ síbẹ̀, ó sì kọ́ ilé ìtajà ńlá sí ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Umeda lọ́dún 1929. Ìkòròdú gba ọ̀nà mìíràn: ilé ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ kọ́, wọ́n wá ń wá ohun tó máa gbé wọn. Oníṣòwò ọkọ̀ omi kò nílẹ̀ tó máa tà, kò sì lè ní kí ẹgbẹ́ eléré wá máa ṣeré ní Ìpakodò. Ohun tó ní ni atukọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfìfo. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ máa ń gbé iwájú sókè, atẹ́gùn á sì gbá a mú. Ọmọ ọkọ̀ lọ jókòó sí imú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì tó ṣì lépo sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tẹ́jú, atukọ̀ sì ń fi iná díẹ̀ padà.

Ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ onípákó ṣì wà lójú omi, àtúnṣe tiwọn sì nílò irú ọwọ́ mìíràn. Mo dúró ti káfíńtà kan tó da ọkọ̀ dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn létí omi. Ó ti jẹ́ kó gbẹ. Ó fi irin ha òwú àtijọ́ àti ọ̀dà àtijọ́ kúrò láàárín pákó, ó ń fi ìka tọ ibi tó ti ha, ibi tí igi bá ti rọ̀, ó fi ẹfun sàmì sí i. Ó wá mú òwú, ó ń ran án lórí itan bí ìyá àgbà ṣe ń ran òwú àtùpà, ibi tí àlàfo fẹ̀, òwú náà nípọn. Ibi tó há, òwú náà tín-ín-rín. Ẹnu irin tó fi ń kì í kò mú, òòlù rẹ̀ sì jẹ́ onígi. Ó kì í lọ láti òkè délẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó padà sí òkè, ó tún kì í. Ohùn òòlù náà ló ń tẹ́tí sí: ohùn tó ṣófo, tó wá di ohùn tó kún. Nígbà tó kún, ó dáwọ́ dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ṣì wà. Mo bi í pé kí ló dé.

"Igi á mumi, á wú," ó ní. "Tí mo bá kì í débi tó há, tó bá wú, ìṣó ló máa ṣí."

Ó fi ọ̀dà gbígbóná bo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tì í padà sómi, ó jò, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ń wò ó pẹ̀lú ìfòyà. Káfíńtà so ó mọ́ èèkàn, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, igi ti wú pàdé òwú.

Padà sí Ìkòròdú, ìrìn ọ̀sán le ju ti àárọ̀ lọ. Atẹ́gùn òkun ti dìde, ó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ fún ọkọ̀ tó ń lọ sílé, ìgbì sì ń lé ọkọ̀ láti ìdí. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìrànlọ́wọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá sáré kọjá orí ìgbì kan, imú rẹ̀ á rì sínú èyí tó wà níwájú, ìdí rẹ̀ á sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Atukọ̀ ń fi ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ìgbì kan, ó ń tẹ̀ lé e, kò jẹ́ kó kọjá rẹ̀, kò jẹ́ kí èyí tó ń bọ̀ bá a. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí irin iná, ó ń fún un, ó ń gbà á, fún gbogbo ọ̀nà náà. Fún un láti lè ṣe é, iwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọkọ̀ fi ń bẹ àwọn tó jókòó síwájú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, tí àwọn yẹn á sì máa bá a jà nítorí pé wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

Ìjọba ti fòfin de ìrìn alẹ́ lórí omi, nítorí náà ẹ tètè dé èbúté. Ẹ so gbogbo okùn tó wà lára láìfù-jákẹ́ẹ̀tì yín, kì í ṣe ọ̀kan. Tí ọmọ ọkọ̀ bá ní kẹ́ ẹ sún, ẹ sún, kẹ́ ẹ tó bi í pé kí ló dé. Ẹ má sì dìde títí wọn ó fi so okùn méjèèjì.